Níbo La Bá Ọ̀rọ̀ Dé?

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́ta jókòó sínú yàrá kan ní Ìdó, níbi tí kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́. A pa ohùn fóònù wa, a dojú wọn dé orí tábìlì, a sì bá ara wa ṣe àdéhùn pé fún wákàtí mẹ́rin gbáko, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí wa lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń dún. Kọ́ńdọ́ ń pariwo Ojúẹlẹ́gbà lójú títì. Àwa ò gbọ́ tiwọn. Kóòdù là ń kọ.

Ohun tó wà níwájú wa ni xv6, kernel kékeré kan tí wọ́n ń lò ní MIT láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí inú kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibi tí a kà dé lálẹ́ ọjọ́ náà ni ibi tó ń sọ nípa interrupt, ìyẹn ìdílọ́wọ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín wa. Àwa náà ti rẹ́rìn-ín ara wa lẹ́yìn ìgbà náà.

Nígbà tí a yí fóònù padà, a rí i pé bàbá ọ̀kan nínú wa ti pè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Ẹni ọdún 78 ni bàbá. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, Ìbàdàn ni wọ́n sì ń gbé báyìí. Àyà wa já. A pè wọ́n padà kíá, wọ́n gbé e, ara wọn le koko.

"Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìpè yín ni."

"Ẹn-ẹ́n, mo pè ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó ti lọ. Mo ti gbàgbé. Má da ara ẹ láàmú, á padà wá."

Oṣù mélòó kan ti kọjá. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì padà wá.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ò ti jẹ́ ká sinmi. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́? Bí wọ́n bá sì dá ènìyàn dúró lẹ́nu ohun tó ń ṣe, kí ni wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè? A wá ìdáhùn lọ síbi tó sún mọ́ wa jù, ìyẹn inú kóòdù tí a ń kà lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí kernel jẹ́. Òun ni apá ìsàlẹ̀ pátápátá nínú Linux, Android, Windows àti irú wọn. Àwọn app tí ẹ ń lò, ayálégbé ni gbogbo wọn. Wọn ò lè fọwọ́ ara wọn kan dísìkì tàbí nẹ́tíwọ̀kì. Kernel ni ẹni tí lánlọ́ọ̀dù fi ilé sí lọ́wọ́. Òun ló mú gbogbo kọ́kọ́rọ́ dání, òun náà ló sì ń pinnu ìgbà tí app kọ̀ọ̀kan máa lo processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà.

Trap ni ìwé xv6 ń pe ọ̀nà tí iṣẹ́ fi ń kúrò lọ́wọ́ app bọ́ sọ́wọ́ kernel. Pàkúté nìyẹn lédè wa. Orúkọ náà dẹ́rù bani díẹ̀, torí pàkúté tí àwa mọ̀ kì í mú ẹran kó tún dá a sílẹ̀. Ti kernel yàtọ̀, ó sábà máa ń dá ẹni tó mú sílẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Nínú èkíní, app fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka fáìlì yìí." Nínú èkejì, app ṣe ohun tí kò yẹ, bí àpẹẹrẹ, ó fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì. Nínú ẹ̀kẹta, app ò pe ẹnikẹ́ni, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe jẹ́jẹ́. Àmọ́ dísìkì ti parí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, tàbí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, tàbí iṣẹ́ kan dé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, aago sì lè ti lù. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n ń pè ní interrupt. Òun ló jọ ìpè bàbá.

Ibi tó yà wá lẹ́nu rèé. Lórí processor RISC-V tí xv6 ń lò, nígbà tí trap bá ṣẹlẹ̀, dídá ẹni tó ń pè lóhùn kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Processor á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ìdílọ́wọ́ mìíràn ná. Á kọ ibi tí app náà bá iṣẹ́ dé sínú àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ sepc. Á kọ ìdí tó fi dá a dúró sínú òmíràn tó ń jẹ́ scause. Ìgbà yẹn ló tó fò lọ síbi tí kóòdù kernel wà. Kernel gan-an ò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Á kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tí app náà mú lọ́wọ́ pamọ́, register 31, lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, ṣùgbọ́n òdo ni ọ̀kan nínú wọn máa ń jẹ́ nígbà gbogbo, kò sí nǹkan tí èèyàn fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kernel máa tó béèrè pé, "Ó dáa, ta ló ń kan ilẹ̀kùn?"

Tó bá parí, á kó gbogbo ẹrù app náà jáde, á fi wọ́n síbi tó ti bá wọn, á sì dá a padà. App tí interrupt dá dúró ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ibi tí a dá ẹni kọ̀ọ̀kan padà sí náà tún yàtọ̀ síra. App tó fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kernel á sún un síwájú ní ìṣísẹ̀ kan, kó má baà tún béèrè ohun tó ti béèrè tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló sì máa yàtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: inú register kan tó ń jẹ́ a0 ni ìdáhùn rẹ̀ máa wà. Ní ti ẹni tó kọsẹ̀, bí àṣìṣe náà bá jẹ́ èyí tó ṣe é tún ṣe, kernel bíi Linux á tún ọ̀nà ṣe, á sì dá a padà sójú ibi tó ti kọsẹ̀ gan-an, pé kó tún un gbé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kernel máa ń wo ẹ̀yìn. Bí àṣìṣe náà bá kọjá àtúnṣe, á pa app náà. A ò ní sọ pé aláàánú ni kernel.

A rí gbèsè méjì nínú gbogbo èyí. Ẹni tó bá dá ẹlòmíràn dúró jẹ ẹ́ ní ibi, ó sì jẹ ẹ́ ní ìdí. Ibi ni pé kó mọ ibi tí onítọ̀hún bá iṣẹ́ dé, kó sì rí i pé ó padà síbẹ̀. Ìdí ni pé bí wọ́n bá bi í pé "kí ló dé?", kó ní ohun tó máa sọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé, ṣé kò wá ní dáa kí ẹnikẹ́ni má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rárá? Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ báyìí. Pa fóònù. Dáàbò bo àlàáfíà rẹ. Má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. A mọ̀ ọ́n, torí òun gan-an là ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ kernel ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní processor kan ṣoṣo ló wà, app ogún sì fẹ́ lò ó. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan, kò sì fẹ́ dìde. Tí kò bá sí aago tó máa ń lù láti gba processor lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn mọ́kàndínlógún yòókù á dúró títí NEPA á fi mú iná lọ. Ìdílọ́wọ́ aago yẹn ni ìdájọ́ òdodo nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí wọn ò bá lè dí lọ́wọ́, ó ti sọ ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé di tirẹ̀ nìkan.

Kì í ṣe pé kernel kì í ti ilẹ̀kùn o. Ó ń tì í, ṣùgbọ́n fún ìgbà kúkurú ni. Nínú Linux, ẹni tó bá jáde lọ dá interrupt lóhùn ò gbọdọ̀ sùn lẹ́nu ọ̀nà. Á gba ẹrù, á buwọ́ lù ú, á sì tètè padà sílé. Títú ẹrù náà wò di ìgbà tó bá yá. Lórí àwọn processor tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wa, oríṣi ìdílọ́wọ́ kan tún wà tí ilẹ̀kùn yẹn kì í dá dúró, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ gan-an ló fẹ́ bàjẹ́.

Ó sì ní ìgbà tí àlejò máa ń pọ̀ jù. Tí iṣẹ́ bá ń ya wọlé láti orí nẹ́tíwọ̀kì bí òjò, kernel lè máa sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà títí tí kò fi ní ráyè ṣe iṣẹ́ kankan nínú ilé. Ohun tí Linux ń ṣe sí i dùn mọ́ wa. Á pa agogo ẹnu ọ̀nà yẹn ná, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ á máa jáde lọ yẹ ẹnu ọ̀nà wò lóòrèkóòrè. Nígbà tí èrò bá dínkù, á tún agogo náà ṣí. Ibẹ̀ ni a ti rí ẹ̀bi wa. Pípa tí a pa ohùn fóònù kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá pa agogo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti gba iṣẹ́ ọ̀nà yíyọjú sọ́rùn ara rẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá yẹn, fún wákàtí mẹ́rin, ẹnì kan ò yọjú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, a rìn dé iwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin náà. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó yìí, nígbà tó sì di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Ọdún 1901 yẹn kan náà ni wọ́n parí afárá Carter tó so Ìdó mọ́ Erékùṣù Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ fi rélùwéè kúrò l'Ékòó, ibí ló ti máa wọkọ̀. Ibí ni bàbá wa yẹn ti lo ìgbà èwe wọn.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé lórí ojú irin kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ ń lọ tí ọkọ̀ ń bọ̀, kò sí bí ọ̀kan ò ṣe ní dúró de èkejì. Apá irin tó wà lórí òpó ló ń sọ ẹni tó máa dúró. Bí apá náà bá ti nà gbọọrọ, dúró. Apá yẹn ò béèrè ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Àwa tí a ń kọ kóòdù ṣì ń lo orúkọ apá irin yẹn títí dòní. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló mú un wọ inú iṣẹ́ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1957, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Loopstra àti Scholten, fẹ́ fi ìdílọ́wọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní X1. Dijkstra kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ńṣe ni jìnnìjìnnì bo òun. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Bí ìdílọ́wọ́ bá lè dé nígbàkigbà, àṣìṣe náà lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó má ṣẹlẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá ń wá a. Síbẹ̀ ó kọ kóòdù náà, òun ló sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1959. Nígbà tó wá di àwọn ọdún 1960, ó nílò ọ̀nà tí ètò kan lè fi dúró de òmíràn láì kọlu ara wọn. Ó yá orúkọ lọ́wọ́ rélùwéè, ó pè é ní semaphore, apá irin orí òpó.

Láti Ìdó, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó dé Òyìngbò. Ọdún pípẹ́ ni mọ́tò fi ń dúró de rélùwéè níbi tí ojú irin ti gé títì já, ní Òyìngbò, ní Yábàá, ní Múṣin. Fún ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Àgbádó àti Òyìngbò ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ afárá sí irú àwọn ibẹ̀ kí mọ́tò máa gba òkè, kí rélùwéè máa gba ìsàlẹ̀. Ìdílọ́wọ́ kan wà tí owó àti sìmẹ́ńtì lè mú kúrò. Ohun tó dáa ni.

Àmọ́ afárá ò lè mú ti oníṣíréènì kúrò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ wà nínú dánfó, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ẹ ti lo wákàtí kan lórí afárá. Lójijì, ọkọ̀ dúdú mẹ́fà, ṣíréènì, ẹgba. Gbogbo yín á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Nígbà tí wọ́n bá kọjá tán, ẹni tó wà níwájú á bá ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ambulance náà ń lé wa kúrò lọ́nà, òun náà ò sì kọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà sílẹ̀. Kí wá ló dé tí a kì í bínú sí i? Torí ó ní ìdí. Ẹ bi í pé kí ló dé, á ní ẹnì kan ń kú lọ. Ẹ bi oníṣíréènì, á ní "ṣé o mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ni?" Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kì í ṣe ìdí. Apá irin Ìdó mọ èyí ṣáájú wọn.

Wọ́n máa ń sọ pé ọjà Òyìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Òtítọ́ ni, ìlú Èkó sì jọ ọjà rẹ̀. Kernel ò jọ ọ́. App kékeré tó kéré jù lọ, ó mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé.

Ohun tó dùn wá jù ni pé àwa Yorùbá ti mọ gbogbo èyí kó tó di pé a fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ. Tí ẹ bá bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kì í kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín. "Ẹ kú iṣẹ́ o" lẹ máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ ti dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́wọ́ pé nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ ó ké àgò. Tí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà bá sì gé torí pé àlejò dé, àlejò náà á lọ tán, àgbà á wojú wa, wọ́n á ní, "Ẹn-ẹ́n, níbo la bá ọ̀rọ̀ dé?"

Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Àgbà ò ní "níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?" Wọ́n ní "níbo la bá a dé?" Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́ ló ni iṣẹ́ àtirántí. Àwa tí a jókòó tì í ló ni ín. Bí ti app náà ṣe rí nìyẹn. App kì í fi ara rẹ̀ pamọ́. Ẹlòmíràn ló ń bá a mú ẹrù dání títí yóò fi padà.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, a rò pé àwa ni wọ́n fẹ́ dí lọ́wọ́. A ò rò ó rárá pé bàbá náà wà lẹ́nu nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń gbé e bọ̀ wá bá wa. Ní ọdún 78, ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbé lórí fún wákàtí mẹ́rin lè já bọ́. Àwa ló yẹ ká bá wọn mú un dání. Bàbá ò ní kernel mìíràn yàtọ̀ sí àwa.

A mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe register. Kò sí ẹni tó lè dá ẹnikẹ́ni padà sí ibi tó wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú nǹkan 31 lọ́wọ́, kí ìkankan má sọnù. Abiyamọ tí ọmọ jí lóru, nọ́ọ̀sì tí wọ́n pè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, wọ́n á pàdánù nǹkan. Nítorí náà, a ò lè ṣèlérí pé a ò ní pàdánù. Ohun tí a lè ṣe ni ká bi ara wa pé: mo mọ ibi tó bá a dé? Mo ní ìdí? Bí èyí àkọ́kọ́ bá sì nira, ká ràn án lọ́wọ́ láti wá a.

Òfin yàrá wa ti yí padà. A ṣì ń pa ohùn fóònù, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀kan nínú wa á yọjú wò ó. Nọ́ńbà bàbá ń dún nígbàkigbà, ilẹ̀kùn kankan ò dá a dúró. Nígbà tí a bá sì pè wọ́n ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìkíni, a máa ń bi wọ́n pé, "Bàbá, níbo la bá ọ̀rọ̀ dé?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ níbikíbi tó bá wù wọ́n. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, nígbà mìíràn, ọkọ̀ tó pẹ́ kó tó wọ Ìdó lóru ọjọ́ kan tí òjò rọ̀. A máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. A ò mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn ni ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.